Ta Ni Kó Dáhùn fún Iṣẹ́ Olóhun Tí Ẹ̀rọ Ń Tì Síwájú Wa?

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àti sídíì ṣì wà lóde, ẹni tó bá fẹ́ fíìmù ayédèrú ní Àkúrẹ́ ní láti dìde, kó gba agbègbè Ọjà Ọba lọ, kó béèrè, kó sì sanwó. Lónìí, kò ní láti béèrè ohunkóhun. Kó ṣáà ti ṣí YouTube, TikTok tàbí Facebook lórí fóònù rẹ̀, fíìmù tí kò wá ti ń dúró dè é. Ẹ̀rọ tó wà nídìí ìkànnì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní algorithm, ló ṣà á, ló tò ó, ló sì gbé e síwájú rẹ̀. Bí ẹni tó gbé fíìmù náà síbẹ̀ kò bá gba àṣẹ, kò sí àríyànjiyàn pé onítọ̀hún ti rú òfin kópíráìtì. Orí ìkànnì fúnra rẹ̀ ni ìjà wà. Ṣé ó pín nínú ẹ̀bi náà nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló mú iṣẹ́ tí wọ́n jí dé ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àbí ibi ìkẹ́rùsí lásán ni?

Ìdáhùn pọ̀, wọ́n sì ń takora. Ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà gba ọ̀nà kan, Yúróòpù gba òmíràn, kóòtù Ṣáínà sì gbé ẹrù tó wúwo jù lọ lé ìkànnì lórí. Òfin Nàìjíríà dúró sí àárín méjì. Ó yẹ kí òṣèré, olórin àti òǹkọ̀wé tó wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó mọ ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ, nítorí pé bí a bá parí ìjà yìí láìsí wọn níbẹ̀, àwọn ni yóò ru àbájáde rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ ọpọlọ. Òkè-Igbó, tí kò jìnnà sí ìlú Oǹdó, ni wọ́n ti bí D. O. Fagunwa ní 1903. Ọmọ ọba Oǹdó ni King Sunny Ade. Ìlárá-Mọ̀kín, nítòsí Àkúrẹ́, wà lára ibi tí Kunle Afolayan ti ya October 1, fíìmù tó jáde ní 2014. Ìwé, orin àti fíìmù: kò sí èyí tí ènìyàn kò lè gbé sórí ìkànnì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìjẹ́ pé òun ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìwé. Oṣù Kejìlá 1963 ni Fagunwa kú. Òfin wa fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún fi 70 ọdún lé e, tí a óò máa kà láti ìparí ọdún tó kú. Nítorí náà, títí di òpin 2033, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti gbohùngbohùn, tó ka ìwé Fagunwa, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì gbé e sórí YouTube láìgba àṣẹ, ti fọwọ́ kan ohun olóhun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé 1938 ni ìwé náà jáde, ó ti di ti gbogbo ayé. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé náà lè máa ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, kí àwọn ọmọ wa lè gbọ́ Yorùbá tó dùn. Ìfẹ́ yẹn kò sọ ọ́ di àṣẹ. Bí algorithm bá sì ti rí i pé àwọn tó fẹ́ràn ìtàn Yorùbá ń pẹ́ nídìí rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún gbogbo ẹni tó bá wo ìtàn kan tó jọ ọ́, ní Oǹdó títí dé Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣà á

Ní 2016, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Google tẹ ìwé kan jáde lórí bí YouTube ṣe ń yan fídíò. Ìpele méjì ni. Nínú àìmọye fídíò tó wà nílẹ̀, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ṣa ọgọ́rọ̀ọ̀rún mélòó kan tó bá ohun tí òǹwòran ti ń wò mu. Lẹ́yìn náà, á to àwọn tó ṣà, kí èyí tí ó rò pé òǹwòran yóò pẹ́ jù lọ nídìí rẹ̀ lè wà lókè. Ní oṣù Kìíní 2018, Neal Mohan, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá YouTube nígbà náà, sọ pé ó lé ní ìdá 70 nínú 100 àkókò tí àwọn ènìyàn ń lò lórí YouTube tó jẹ́ pé ohun tí ẹ̀rọ gbé síwájú wọn ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ń sọ pé ìdámọ̀ràn ẹ̀rọ jẹ́ àfikún kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìkànnì kò tíì gbọ́ ohun tí ìkànnì fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ohun kan wà tó yẹ ká sún mọ́ wò dáadáa. Ẹni tó bá jí fíìmù Yorùbá máa ń gé e sí apá mẹ́fà tàbí méje. Á yí àwòrán rẹ̀ padà kí ọ̀tún di òsì, á mú ohùn rẹ̀ ga díẹ̀, tàbí kó fi férémù aláràbarà yí i ká, kí Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube gbé kalẹ̀ láti 2007 láti máa dá iṣẹ́ olóhun mọ̀, má baà rí i. Content ID lè má rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti ń parí apá kìíní, ẹ̀rọ ìyàn ti to apá kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìkẹta ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé àwọn tó wo ìkíní ló ń wo èyí tó kù. Ìkànnì kan náà ni kò dá fíìmù náà mọ̀ nígbà tó yẹ kó dáàbò bò ó, tó sì mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀ nígbà tó fẹ́ fi dá òǹwòran dúró. Púpọ̀ nínú ìjà tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, orí ìmọ̀ méjì yẹn ló dá lé: èwo nínú wọn ni òfin yóò pè ní mímọ̀?

Ohun tó wà nínú òfin wa

Òfin Kópíráìtì 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ló gba ipò òfin àtijọ́. Apá Keje rẹ̀ dá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpín 54 fún ẹni tó ni iṣẹ́ láyè láti kọ̀wé sí ìkànnì pé kó yọ iṣẹ́ òun kúrò. Ìpín 55 ní kí ìkànnì tètè fi ìwé náà tó ẹni tó gbé iṣẹ́ náà síbẹ̀ létí. Bí onítọ̀hún kò bá rí àlàyé tó múná dóko ṣe láàárín ọjọ́ 10, kí ìkànnì yọ ọ́. Ìpín 61 tún fún Àjọ Kópíráìtì Nàìjíríà ní agbára láti dí ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ tàbí ìkànnì tí ó bá gbà gbọ́ pé ó ń rú òfin. Ìkànnì tó bá ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe rí ààbò gbà.

Ohun tí òfin náà ń bá wí ni títọ́jú fáìlì fún oníbàárà, gbígbé e kọjá lórí wáyà, àti irinṣẹ́ tó ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà. Kò dárúkọ ẹ̀rọ tó ń yan fún ẹni tí kò béèrè. Àwọn agbẹjọ́rò kan lè sọ pé irinṣẹ́ ìtọ́ka ni algorithm náà, bí ẹ̀rọ ìwádìí Google ṣe jẹ́. Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ orúkọ fíìmù sínú àpótí ìwádìí ti sọ ohun tó ń wá. Ẹ̀rọ kàn júwe ọ̀nà fún un ni. Ẹni tí fíìmù bá lórí fóònù kò sọ ohunkóhun. Ìkànnì ló dá ìfẹ́ náà sílẹ̀. Àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú òfin yìí ni àwọn èrò tó ń bọ̀ wọ̀nyí ń jà láti dí.

Èrò kìíní: ìkànnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀

Àwọn elérò yìí sọ pé ẹ̀rọ ìyàn kì í ṣojúsàájú. Bó ṣe ń to fídíò olóòótọ́ náà ló ń to ti olè, kò sì sí ènìyàn kankan tó jókòó tó ń yàn wọ́n. Nítorí náà, kò yẹ kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ba ààbò tí òfin fún ìkànnì jẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ti 1998, tí wọ́n ń pè ní DMCA, ló fi ìdí ààbò náà múlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Viacom pe YouTube lẹ́jọ́ ní 2007, ó ń béèrè bílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní New York dá ẹjọ́ náà ní 2012, ó ní àtòjọ fídíò tó jọra, èyí tí ẹ̀rọ YouTube ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò, wà lábẹ́ ààbò náà, ó sì dá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn padà sí kóòtù ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì parí ìjà náà ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2014.

Kóòtù tó ga jù lọ fún àjọ Yúróòpù sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2021, nínú ẹjọ́ tí Frank Peterson, agbórinjáde kan láti Jámánì, bá YouTube ṣe. Ó ní pé ìkànnì ń dámọ̀ràn fídíò gẹ́gẹ́ bí ohun tí òǹwòran fẹ́ràn kò tó láti sọ pé ìkànnì mọ̀ nípa iṣẹ́ kan pàtó tí wọ́n jí. Ní 2023, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Twitter àti Taamneh tó dá lórí ìpániláyà, ní algorithm ìdámọ̀ràn jẹ́ ara ìpìlẹ̀ ìkànnì, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀daràn.

Agbára èrò yìí kì í ṣe kékeré. Láìsí ààbò, ìkànnì yóò máa bẹ̀rù gbogbo ohun tí kò mọ orísun rẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga FUTA tó ń ṣe àwàdà nínú yàrá rẹ̀ yóò sì di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí. Ìdámọ̀ràn ẹ̀rọ ló gbé ọ̀pọ̀ aláwàdà àti òṣèré Yorùbá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ẹ̀rọ kò sì mọ ìwé àdéhùn: fíìmù kan náà lè wà lórí ìkànnì méjì, kí ọ̀kan ti ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí èkejì má rà á.

Àìlera rẹ̀ ni pé ó so "kò sí ènìyàn níbẹ̀" pọ̀ mọ́ "kò sí ẹni tó ṣe é". Ènìyàn ló kọ ẹ̀rọ náà, ènìyàn ló pinnu pé bí òǹwòran bá ṣe pẹ́ tó ni kó jẹ́ òṣùwọ̀n, ènìyàn ló sì ń tún un ṣe lóòrèkóòrè. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè kọ́ ẹ̀rọ láti dín ìtànkálẹ̀ irọ́ lórí àìsàn kù, a jẹ́ pé ó lè kọ́ ọ láti dín ìtànkálẹ̀ fíìmù alápá méje tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí padà kù.

Èrò kejì: ẹni tó bá tì í síwájú, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tì í

Ilẹ̀ Ṣáínà ni èrò yìí ti rẹsẹ̀ walẹ̀ jù. Nígbà tí fíìmù àtìgbàdégbà Story of Yanxi Palace gbòde ní 2018, ilé-iṣẹ́ iQIYI ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà ìkànnì Jinri Toutiao, ti ilé-iṣẹ́ ByteDance, bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kékeré-kékeré síbẹ̀. iQIYI lọ sí kóòtù Haidian ní Beijing. Kóòtù náà kò sọ pé ByteDance fúnra rẹ̀ ló jí fíìmù. Ohun tó sọ ni pé ìkànnì tó ń fi algorithm tì nǹkan síwájú ènìyàn ń jèrè ju èyí tó kàn ń tọ́jú fáìlì lọ, ó ní agbára jù ú lọ, nítorí náà ìṣọ́ra tí òfin ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga jù. Ó ní kí ByteDance san mílíọ̀nù 2 yuan. Ní oṣù Kẹwàá 2022, kóòtù kan ní Xi'an lọ jìnnà sí i: ó ní kí àwọn tó ni Douyin, èyí tí í ṣe TikTok ilẹ̀ Ṣáínà, san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 32 yuan fún ilé-iṣẹ́ Tencent lórí fíìmù àtìgbàdégbà kan ṣoṣo.

Yorùbá tó bá gbọ́ ẹjọ́ yìí kò ní í yà á lẹ́nu, nítorí àwọn àgbà wa ti ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí kóòtù Haidian fi sáàárín títọ́jú àti títì síwájú tọ̀nà lójú mi, òun sì ni ẹ̀bùn tó tóbi jù tí èrò kejì fún àríyànjiyàn yìí. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí ó fi rẹ́ǹtì fún ènìyàn lọ́jà lè má mọ ohun tó wà nínú àpò oníṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó dúró lójú títì tó ń fa oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, tó sì ń gba owó lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, kò lè sọ ohun kan náà kó sì retí pé kí á gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n èrò náà ní àlàfo. "Ìṣọ́ra tó ga" kò ní ìwọ̀n. Báwo ló ṣe ga tó? Adájọ́ kan lè sọ pé kí ìkànnì máa wo àwọn fíìmù tó lókìkí, tí gbogbo ayé mọ̀. Fíìmù tó lókìkí ní Beijing rọrùn láti dá mọ̀. Ta ni yóò sọ fún ẹ̀rọ pé fíìmù tí wọ́n fi owó àjọ ṣe ní Oǹdó, tí òkìkí rẹ̀ kò kọjá Ọ̀rẹ́, ní olóhun? Bí ìṣọ́ra bá ń tẹ̀lé òkìkí, àwọn ńlá ni yóò jẹ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá sì ni ó jàre nínú ẹjọ́ méjèèjì tí mo sọ: iQIYI àti Tencent, kì í ṣe òṣèré tó ń dá ṣe tirẹ̀.

Èrò kẹta: kí ìkànnì gba àṣẹ kó tó ṣílẹ̀kùn

Yúróòpù kò dúró lórí ẹjọ́ Peterson. Ní 2019 ó ti ṣe òfin tuntun, èyí tí Abala 17 rẹ̀ sọ pé ìkànnì ńlá tó ń to iṣẹ́ àwọn ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ tó sì ń polówó rẹ̀ láti fi jèrè, òun gan-an ló ń gbé iṣẹ́ náà fáyé. Kí ó lọ gba àṣẹ. Bí kò bá rí àṣẹ gbà, kó fi hàn pé òun sa gbogbo ipá òun láti rí i gbà, àti láti má ṣe jẹ́ kí ohun tí olóhun ti fi tó òun létí wà níbẹ̀. Pólàńdì ní òfin náà yóò pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́, ó gbé e lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kẹrin 2022 kóòtù ní òfin náà lè dúró, bí kò bá ti dí iṣẹ́ tó bófin mu lọ́nà.

Ẹwà rẹ̀ ni pé owó ló kọ́kọ́ ń jáde, kì í ṣe ìwé ìfisùn. Olórin kò ní láti máa sá tẹ̀lé fídíò kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ nílò ẹgbẹ́ tó dúró ṣinṣin láti gba owó kí ó sì pín in. A mọ bí tiwa ṣe rí: àjọ ìjọba fọwọ́ sí MCSN, ẹgbẹ́ kan tó ń gba owó fún àwọn olórin, ní 2017, ó dá ìwé àṣẹ COSON, tí òun náà jẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, dúró ní 2018, àwọn olórin sì wà láàárín. Fíìmù àti ìwé tún ní ìṣòro tiwọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ asẹ́: ẹ̀rọ tó ń dí iṣẹ́ lọ́nà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adeyemi ní Oǹdó tó fi ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù ṣàlàyé òwe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bákan náà, bí ilé-iṣẹ́ orin kan bá gba ohùn bàtá tàbí oríkì tó jẹ́ ti gbogbo wa sílẹ̀ nínú àwo, tó sì fi í sínú ẹ̀rọ ìdánimọ̀, ẹ̀rọ lè máa gba iṣẹ́ àwọn onílù mìíràn fún un.

Èrò kẹrin: ẹ tẹ̀lé owó

Ó kúrú, ó sì ṣe kedere: ẹni tó jẹ nínú ẹ̀ kó pín nínú ẹ̀bi. Lórí fídíò gígùn, YouTube máa ń fún ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní ìdá 55 nínú 100 owó ìpolówó, á mú 45. Ó tún lè gbé ìpolówó sórí fídíò ẹni tí kò tíì wọ inú ètò pínpín náà, kí ó sì kó gbogbo owó rẹ̀. Nítorí náà, èrè wà nínú fíìmù tí wọ́n jí. Irú èrò yìí ló wà nínú ìdájọ́ tó ṣubú lu Napster, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń pín orin, ní Amẹ́ríkà ní 2001.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìpolówó wà lórí gbogbo nǹkan, ẹ̀rọ ló sì ń fi í síbẹ̀. Kóòtù gíga Delhi ní Íńdíà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2016 nígbà tó yí ìdájọ́ 2011 lórí ìkànnì MySpace padà: ìpolówó tí ẹ̀rọ fi sára fídíò kò fi hàn pé ìkànnì mọ̀ pé wọ́n jí fídíò náà. Mo gbà pé owó nìkan kò tó fún ẹ̀bi. Ó tó láti fi béèrè pé, lẹ́yìn tí olóhun bá ti fi ẹ̀rí hàn, kí owó tó ti wọlé padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èrò karùn-ún: ohun tí ẹ̀rọ yàn, ọ̀rọ̀ ẹnu ìkànnì ni

Èyí ló tuntun jù. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Philadelphia dá ẹjọ́ tí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú bá TikTok ṣe. Ó ní ohun tí algorithm TikTok dìídì gbé síwájú ọmọ náà, ọ̀rọ̀ TikTok fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹni tó gbé fídíò náà síbẹ̀. Ẹjọ́ náà kò kan kópíráìtì, òfin ààbò tí wọ́n jà lé lórí níbẹ̀ kò sì bo kópíráìtì. Àmọ́ bí adájọ́ kan bá mú ìrònú náà wá sídìí kópíráìtì, a jẹ́ pé ìkànnì ló ń gbé iṣẹ́ olóhun fáyé nígbàkigbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti ṣèèṣì yàn án, ìbáà mọ̀, ìbáà má mọ̀. Ìyẹn ti le jù. Ìkànnì kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ bá dá sílẹ̀ ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, kò ní í lè mí lábẹ́ rẹ̀, ìkànnì ńlá nìkan ni yóò kù.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe níbí

Ọjọ́ 10 tó wà nínú ìpín 55 dára fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ó ń gba ọmọ tó fi àyọkà ṣe àwàdà tàbí àríwísí lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ní ti fíìmù tuntun, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni owó wà. Bí algorithm bá ń gbé ayédèrú kiri fún ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ìwé ìfisùn ti dé, olóhun ti pàdánù kí òfin tó dé.

Nítorí náà, ó yẹ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀: wíwà níbẹ̀ àti títì síwájú. Kí fáìlì wà níbẹ̀ títí ẹni tó gbé e síbẹ̀ yóò fi sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti wákàtí tí ìwé ìfisùn tó pé bá ti dé, kí ẹ̀rọ dáwọ́ dúró: kó má tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò mìíràn, kó má gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, kó má fi í tẹ̀lé apá kìíní. Bí ìfisùn bá já sí irọ́, kí ìkànnì dá a padà sínú ìdámọ̀ràn, kí ẹni tó parọ́ sì dáhùn fún un. Ìkànnì tó bá ń tì í síwájú lẹ́yìn tí ó ti gba ìwé, kí òfin kà á sí ẹni tó mọ̀. Àbá yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́ gbogbo fídíò ayé, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ran ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ti jí iṣẹ́ òun lọ́wọ́.

Ohun tó kù nílẹ̀

Èkíní ni ti ẹ̀rí. Òṣèré tó bá fẹ́ fi hàn pé algorithm ló tan fíìmù òun kálẹ̀ nílò àkọsílẹ̀ iye ìgbà tí ẹ̀rọ gbé e síwájú ènìyàn, ọwọ́ ìkànnì nìkan ni àkọsílẹ̀ yẹn sì wà. Òfin Yúróòpù ti 2022, tí wọ́n ń pè ní DSA, ti ní kí ìkànnì ṣàlàyé òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ wọn fi ń yan. Tiwa kò ní irú rẹ̀ nínú òfin kópíráìtì, kò sì tíì dájú bí adájọ́ yóò ṣe fi dandan gba àkọsílẹ̀ náà.

Èkejì ni ti ibi tí a ó ti pe ẹjọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni òfin orílẹ̀-èdè fún ní agbára lórí kópíráìtì, ó sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Nígbà tí King Sunny Ade àti African Songs, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin rẹ̀ jáde, wọ kóòtù ní àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìkànnì tó wà ní Kalifóníà tàbí Dublin lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù kó tó lè fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sókè òkun. Pé wọ́n tóbi kò sọ pé ọwọ́ kò lè tó wọn: ní 2024, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, lórí ọ̀rọ̀ dátà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2025. Ìjọba ni ó ṣe ìyẹn. Bóyá ẹnì kan ṣoṣo láti Oǹdó lè ṣe irú rẹ̀ kò tíì hàn.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ lókè: ṣé ẹ̀rọ tó mọ̀ pé apá kejì ló kàn ti "mọ" fíìmù náà lójú òfin? Kóòtù Yúróòpù ní rárá, ti Haidian fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àjọ Kópíráìtì Nàìjíríà lè fi ìlànà tí yóò ṣe lábẹ́ òfin 2022 yanjú rẹ̀, láìdúró de ẹjọ́ kankan. Ẹ̀yin òṣèré, olórin àti òǹkọ̀wé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ kó ìwé àdéhùn yín jọ, ẹ kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yín jáde sílẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ náà lórúkọ ẹgbẹ́ yín kí wọ́n tó kọ ìlànà náà láìgbọ́ tẹnu yín.